Omi Iyọ̀ Nínú Àmù Ilé Wa

Òórùn okùn tútù ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe ìró ọmọ odó. Okùn kànga ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti ká a sí èjìká, á wá fi ọwọ́ tútù gbá mi lẹ́sẹ̀ pé, "Dìde, ọmọ yìí, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọn tiwọn tán." Okùn náà gùn débi pé ó máa ń bo èjìká rẹ̀ dé etí, ó sì máa ń rùn bí ilẹ̀ tí oòrùn kò kàn rí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Kétu nígbà yẹn, imú yín á ti máa gbọ́ ọ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ omi ti dé kí wọ́n tó bí yín, ẹ kú oríire.

Orí òkè pẹrẹsẹ ni ìlú wa wà, omi sì jìn sísàlẹ̀ bí ẹni pé ó ń sá fún wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ènìyàn kọ́ ló ń tò sí ìdí kànga, ohun èlò ni. Ìkòkò, korobá, àti bídọ̀n aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń ru òróró wá láti Kùtọnù, wọ́n á tò lọ gbọọrọ. Ohun èlò rẹ ló ń di ipò rẹ mú nígbà tí ìwọ bá wà lóko tàbí ní ilé-ìwé. Nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí bídọ̀n jókòó sílé pẹ̀lú omi nínú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á dà á sínú àmù ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì gbé òfìfo rẹ̀ sáré lọ sórí ìlà. Kò sí ẹni tí í béèrè pé omi ta ni. Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Ní ilé tiwa, omi kò tilẹ̀ ní olóhun.

Bí ìlà bá gùn, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Ìyá Àgbà á ní, "Omi tí ènìyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀." Mo máa ń bẹjú wo ìsàlẹ̀ kànga, màá sọ nínú ara mi pé èwo ni ti ṣíṣàn? Omi Kétu kì í ṣàn lọ síbì kankan.

Nínú irú ìlú báyìí ni Ọlọ́run wò káàkiri, tó wá mú atukọ̀ ojú òkun. Àkànbí ni orúkọ rẹ̀, ọkọ Ìyá Àgbà. Àgbàdo ni ìdílé wa ń gbìn láti ayébáyé, kò sì rí odò kankan rí kó tó di géndé. Nígbà náà àwọn Faransé máa ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ ṣe iṣẹ́ àfipáṣe ní wáàfù Kùtọnù, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kó lọ ni wọ́n sá wálé ní ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Àkànbí ní tirẹ̀ wo ọkọ̀, ọkọ̀ wò ó, ó bá a lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi í sí, kó máa fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná tó ń ti ọkọ̀ lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ ìlú tí kò lómi gba orí omi lọ, iná ni wọ́n sì ní kó máa dá níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ló wálé. Ó dé fìlà funfun tí òwú pupa ribiti wà ní góńgó orí rẹ̀. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e kiri, wọ́n ń béèrè pé kí ni pupa yẹn wà fún. Ó ní kí orí má baà fọ́ ni, nítorí pé irin ni òrùlé ọkọ̀, ó sì kúrú. Wọ́n gbà á gbọ́. Ó ní irin ń léfòó lórí omi. Wọ́n mi orí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á gbọ́. Ó wá sọ pé omi kan wà níbẹ̀ tí ojú kò tó òdì kejì rẹ̀, pé kò sí ẹni tó lè mu ún, pé iyọ̀ ni látòkè délẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ògúnlékè, ti dìde lórí ìjókòó.

"Irọ́!" ni Ògúnlékè wí. "Ọlọ́run tó fi omi dù wá kò ní kó gbogbo omi jọ síbì kan, kó tún wá da iyọ̀ sí i. Kò ya wèrè." Ó ní iyọ̀ tí a ń ru àgbàdo lọ sí ọjà ká tó rí rà, ta ló ń dà á sómi? Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ Àkànbí ní Oníyọ̀ láti ọjọ́ náà. Ó dun ọkùnrin náà wọra. Ó bura fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dá a lóhùn pé, "Ọjọ́ tí omi iyọ̀ náà bá kan ahọ́n mi ni n ó gbà." Àkànbí padà sí ojú òkun, ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún bàbá mi.

Ogun àwọn Jámánì sì dé. Ohun tí a mọ̀ nípa ogun tí bàbá àgbà mi jà kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Àjàṣẹ́, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, ló wá sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà. Ó ní àwọn sójà àti oúnjẹ wọn ni ọkọ̀ náà ń kó, àti pé Àkànbí kò rí ogun sójú, torí pé kò sí fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń dáná. Láràárọ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará òkè bóyá wọ́n ti rí ilẹ̀. Nígbà tí omi mímu wọ́n nínú ọkọ̀, tó di pé ife kékeré kan ni wọ́n ń fún oníkálukú, gbogbo ọkọ̀ ń ṣépè, Àkànbí ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń mu nínú ife yẹn, á fi bọ́jú, á sì tún ṣẹ́ díẹ̀ kù di alẹ́. Àwọn òyìnbó ń pe ara wọn wá wò ó. Ìyá Àgbà fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà, ó máa ń ní, "Kétu ló kọ́ ọ."

Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ Jámánì tó ń rìn nísàlẹ̀ omi gbá ọkọ̀ wọn ní ìhà. Àwọn ará òkè fò sínú omi, wọ́n yọ díẹ̀ nínú wọn. Ìdí iná ni Àkànbí wà. Ògbufọ̀ komandáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ló gun ẹṣin wá sọ ọ́ fún ẹbí pé ó sọnù sínú òkun, àti pé ilẹ̀ Faransé dúpẹ́. Wọ́n fi irin kékeré kan dúpẹ́, tó tóbi díẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èékánná gan-an ni ẹbí ń wá, kì í ṣe irin. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá kú sí àjò, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni a máa ń mú wálé sin.

Ògúnlékè ti di olórí ẹbí nígbà náà, òun ni gbogbo wa wá ń pè ní Bàbá Ògúnlékè. Ó dájọ́: bí kò bá sí irun, kò sí òkú, bí kò bá sí òkú, kò sí opó. Bí wọ́n ṣe sọ Ìyá Àgbà, ọmọge tí ọmú ṣì le láyà rẹ̀, di ìyàwó ẹni tó ń bọ̀ nìyẹn. Bí ọkùnrin bá wá wò ó, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Bó bá béèrè ìpín oko ọkọ rẹ̀, wọ́n á ní kó dúró dè é. Bí ẹnìkan bá sì fi agídí wí pé ọkùnrin náà ti kú sómi, Bàbá Ògúnlékè á yí ohùn padà, á ní ẹni tí omi bá gbé, etí omi là ń sin ín sí, a kì í gbé e wọlé. Àkànbí kò kú ní àárọ̀, ó ti di ti omi ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni.

Ìgbà tí mo gbọ́njú, Ìyá Àgbà ti ń wúkọ́. Ikọ́ náà kì í lọ, ó sì ń gbẹ ẹ́ bí igi. Ìyá yẹn kò bẹ̀rù ikú rárá. Ìdígní, ìlú bàbá rẹ̀, ló ń bẹ̀rù. Ní ìdílé tiwa, ìyàwó tí a kò bá tíì sin ọkọ rẹ̀ kò lè sùn sí ilẹ̀ ilé ọkọ. Bó bá kú, wọ́n á gbé e padà fún àwọn ará ilé bàbá rẹ̀, bí ìyàwó tó kọ ọkọ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tó ń sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó ní, "Mo pọnmi sínú ilé yìí títí ọrùn mi fi wọ èjìká. Ṣé wọ́n á wá dá mi padà sí Ìdígní bí àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ ni?" Ó sunkún. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo kórìíra Bàbá Ògúnlékè tọkàntọkàn láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń há ẹ̀pà fún mi.

Awakọ̀ kàmíọ̀n ni bàbá mi, àgbàdo ló ń kó lọ sí Kùtọnù. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sin òkú náà kí ìyá òun tó kú. Bàbá Ògúnlékè ń jẹ obì lọ ní tirẹ̀. Ó gbé e mì, ó ní, "Òkun iyọ̀ tí bàbá rẹ fi tàn wá ọjọ́sí, lọ bù ú wá. Bí ahọ́n mi bá gbà á, a ó sin ín." Ó rẹ́rìn-ín, nítorí lójú tirẹ̀ bí ẹni ní kí ènìyàn lọ bu òṣùpá wá ni. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ fọ bídọ̀n.

Ìgbà ìsinmi ilé-ìwé ni, mo sì ké títí ó fi gbé mi sínú kàmíọ̀n. Bí mo ṣe rí òkun nìyẹn. Ẹ̀yin ará mi, mo dúró lórí iyanrìn, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, omi ni, omi ni, ó ń wá bá wa fúnra rẹ̀, kò sí okùn, kò sí ẹni tó ń fà á. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Ìlà dà?" Mo bá bú sẹ́kún. Gbogbo omi yìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbé korobá wá! Bàbá mi ní kí n fi ìka kàn án. Mo tọ́ ọ wò, mo tu ú jáde, mo tún sunkún lọ.

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó rìn wọ inú omi dé orúnkún. Bàbá mi tí kò rí bàbá rẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi bí ọmọ tó ń kí àgbà. Ó ní, "Bàbá, èmi ni oyún tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé." Ó bu omi kún bídọ̀n, ó fi aṣọ funfun so ọrùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú kàmíọ̀n ló gbé e sí, èmi wá bọ́ sí etí ilẹ̀kùn. Bí a bá bọ́ sí kòtò, á fi ọwọ́ kan dì í mú, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Bó ti ṣe títí dé Kétu nìyẹn, èmi tí mo ń forí gbá ilẹ̀kùn kò gbọ́ pẹ̀lẹ́ kankan.

Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí wọ́n gbé e wọ yàrá òun. Ó ní ọkọ kì í yọ́ wọlé bí olè, kí àwọn àgbà kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, di òwúrọ̀ tí ẹbí máa péjọ.

Òwúrọ̀ náà ni Ìyá Ìdòwú, aya Bàbá Ògúnlékè, ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dé. Kò gbọ́ nǹkan kan nípa òkun. Ohun tó rí ni pé àlejò ń bọ̀, àmù ti gbẹ dé ìdí, bídọ̀n kan sì jókòó kalẹ̀ pẹ̀lú omi nínú. Obìnrin Kétu tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó da omi náà sínú àmù, ó ká aṣọ funfun yẹn ṣe òṣùká, ó gbé bídọ̀n sáré lọ sí kànga. Nítorí pé ó jẹ́ aya olórí ẹbí, wọ́n jẹ́ kó kọjá sí iwájú ìlà.

Ìgbà tó ru omi dé, àwọn àgbà ti jókòó. Bàbá mi rí bídọ̀n tó ń bọ̀ láti ìta lórí aya olórí ẹbí, ó rò pé ẹ̀yẹ ni wọ́n ń ṣe fún òkú. Ó wólẹ̀ gbà á, ó bu ife kan, ó gbé e fún Bàbá Ògúnlékè. Bàbá fi ẹnu kàn án. Ó yí i káàkiri ẹnu. Ó mu ún tán.

"Ó dùn," ló wí. "Ó tilẹ̀ tutù. Ṣé Kùtọnù lo lọ àbí kànga ẹ̀yìnkùlé?"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Bàbá mi bu tirẹ̀ mu, ojú rẹ̀ ṣú. Mo pariwo pé iyọ̀ ni, pé mo tọ́ ọ wò, wọ́n ní kí n panu mọ́. Ìyá Àgbà jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fa ìborùn bo ojú. Mo mọ̀ pé Ìdígní ló ń wò nísàlẹ̀ aṣọ náà.

"Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, irọ́ ni mò ń gbọ́ nílé yìí láti ayé Àkànbí," ni Bàbá Ògúnlékè wí. "Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ bu omi wá ká mu." Àṣà ilé wa ni, bí ẹjọ́ bá parí, gbogbo ìjókòó á mu nínú omi àmù, olórí ẹbí á kọ́kọ́ mu. Ìyá Ìdòwú bu igbá kan wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé e sókè, ó mu ún bí ẹni tó jàre: ẹnu kan, kíkún.

Ojú rẹ̀ yọ síta. Àgbà ni, gbogbo ènìyàn ń wò ó, kò lè tu ú. Ìdajì lọ sí ọ̀fun, ìdajì gba imú jáde. Ó wúkọ́ títí. Nígbà tí ó gbádùn díẹ̀, ó ti ìka bọ igbá, ó tún tọ́ ọ wò. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi aya rẹ̀ pé, "Níbo lo ti rí omi yìí?"

"Bídọ̀n kan ló jókòó lásán síbẹ̀!" ni Ìyá Ìdòwú fi ìbínú dáhùn. "Ṣé kí n máa wò ó ni?" Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí aṣọ funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo bàbá mi, ó wo Ìyá Àgbà, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo gbé o!"

Ìyá Àgbà ṣí ìborùn kúrò lójú. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní, "Omi tí ènìyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀."

Bàbá Ògúnlékè ti orí àpótí sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àkànbí," ló ń wí, "Àkànbí, àbúrò mi, o ò purọ́ fún mi." Ó sunkún bí ọmọdé, ikun ń dà nímú rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Inú bí mi díẹ̀ pàápàá, nítorí mo ti ń kórìíra rẹ̀ bọ̀ tipẹ́, mi ò wá rí i kórìíra mọ́.

Àwọn kan ní kí bàbá mi padà lọ bu òmíràn. Àwọn kan ń béèrè bóyá èèwọ̀ ni kí ènìyàn mu àbúrò rẹ̀. Bàbá Ògúnlékè nu ojú. Ó ní, "Ibo ló tún kù tó fẹ́ gbà wọlé? Inú mi ló wà. Irun tí ẹ ń wá, òun ló wà lórí mi yìí. Ẹ mú abẹ wá." Wọ́n fá orí rẹ̀ kodoro, wọ́n gé èékánná rẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àmù. Aṣọ funfun tí Ìyá Ìdòwú fi ṣe òṣùká ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá Ìyá Àgbà, wọ́n sin Àkànbí síbẹ̀, tòun tàmù. Títí tí Ìyá Ìdòwú fi kú ló ń ráhùn pé àmù tó dára jù lọ ní Kétu ni wọ́n sin ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn.

Abẹ yẹn náà ni wọ́n fi fá irun Ìyá Àgbà. Mi ò tíì rí opó tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá kí i pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, ó ń gba ìkíni náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ṣọ̀fọ̀ pé pérépéré, kò fi ọjọ́ kan pamọ́. Nígbà tí ikọ́ wá mú un lọ lẹ́yìn òjò díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àmù ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ará Ìdígní wá, wọ́n sunkún, wọ́n jẹun, wọ́n lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Agbẹ̀bí ni mí báyìí, Kùtọnù ni mò ń gbé, mo ń gbọ́ òkun láti orí ibùsùn mi. Ọmọ mi ọkùnrin a máa ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ tó bá ń fọ ẹnu. Mo máa ń sáré wá pa á, á ní, "Màmá, omi pọ̀." Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mi ò lè rí bídọ̀n tó kún kí n má dà á síbì kan. Bí mo bá ráyè, mo máa ń lọ sí etí òkun, màá fi ìka kàn án, màá tọ́ ọ wò. Àwọn tó ń kọjá rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Mo kàn ń wò ó bóyá bàbá àgbà mi ṣì ń sọ òótọ́ ni. Ó ṣì ń sọ ọ́.

Ọmọ kékeré tí mo jẹ́ dúró níbẹ̀ yẹn, ó sunkún pé ìlà dà. Àgbàlagbà tí mo dà mọ̀ pé ìlà wà. Bídọ̀n mi ti wà lórí rẹ̀ tipẹ́, ó sì ń sún mọ́ iwájú. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ àwọn ọmọ mi fún: bó bá kàn mí, kí wọ́n gbé mi gòkè lọ sí Kétu, kí wọ́n gbé mi wọ yàrá tààrà, kí wọ́n má ṣe gbé mi kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.